Ìyá Alọ́nì wo fíìmù béárì

Ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan wà tó ń jẹ́ Timothy Treadwell. Fún ọdún mẹ́tàlá, bí ìgbà ooru bá ti dé lọ́dọ̀ wọn, á palẹ̀ ẹrù mọ́, ó di Alaska, láàrin àwọn béárì ńláńlá tí wọ́n ń pè ní grizzly. Kámẹ́rà ló ń gbé dání. Ó sọ àwọn béárì náà lórúkọ, á máa sọ fún wọn pé òun fẹ́ràn wọn. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2003, béárì kan pa á, ó sì jẹ ẹ́, òun àti ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀, Amie Huguenard. Nínú àwòrán tó ti yà, tó lé ní wákàtí 100, ni Werner Herzog, ará Jámánì, ti yọ fíìmù *Grizzly Man* ní 2005.

Mo ti wò ó rí. Ẹni tó ń wù mí kó bá mi wò ó ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi. Ọjà Olúwo níbí, l'Ẹ̀pẹ́, ló ti ń tajà láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Ẹja ló kù tó ń tà báyìí, àmọ́ láyé ìgbà kan, ọ̀nì lọjà rẹ̀: ọ̀nì alààyè, tí wọ́n ti so lẹ́nu, tí wọ́n ká ẹsẹ̀ wọn sẹ́yìn. Títí dòní, Ìyá Alọ́nì ni gbogbo ọjà ń pè é.

Mò ń túmọ̀ fún un bí fíìmù ṣe ń lọ. Nígbà tó kan ibi tí Treadwell ti fọwọ́ kan ìgbẹ́ béárì tó ṣì ń gbóná, tí inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn pé inú béárì òun lèyí ti jáde, màmá dìde jókòó dáadáa.

“Tíṣà, èló ni wọ́n ń san fún un?”

Mo ní wọn ò san nǹkan kan.

“Ṣé kò níyàá ni?”

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé iṣẹ́ fún mi. Ó ní gbogbo agbára ẹnu ọ̀nì wà nínú kó pa á dé. Agbára tó fi ń là á kò tó nǹkan, ìdí nìyẹn tí okùn tẹ́ẹ́rẹ́ fi ń mú un. Àmọ́ ẹni tó bá ń tú okùn náà, ibi ìrù ni kó máa wò. Nínú gbogbo ọ̀nì tó gba ọwọ́ òun kọjá, òun ò sọ ọ̀kan lórúkọ rí. Herzog fúnra rẹ̀ sọ nínú fíìmù náà pé òun wo ojú àwọn béárì yẹn títí, òun ò rí ìbátan kankan níbẹ̀. Mo túmọ̀ ìyẹn náà. Màmá ní ta ló rán an pé kó lọ wá ìbátan síbẹ̀?

Kámẹ́rà wà ní títàn lọ́jọ́ tí béárì pa wọ́n, àmọ́ ìdérí wà lójú rẹ̀, ohùn nìkan ló gbà. Herzog ò gbé e sétí wa. Ó fi nǹkan sétí, ó gbọ́ ọ níwájú obìnrin tí teepu náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wá ní kó má gbọ́ ọ láéláé. Ọ̀rọ̀ Treadwell ò ká màmá lára níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ Amie, ọmọbìnrin tó bá a kú, ló ń bi mí léèrè, nítorí a ò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí ojú rẹ̀ nínú gbogbo àwòrán náà. Èmi náà gbà pé òun ni fíìmù yẹn jẹ ní gbèsè.

Ibi tí a ti wá ṣe àríyànjiyàn ni ti kìnnìún Victoria Island. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, àwọn agbófinró ìpínlẹ̀ Èkó gbé kìnnìún jáde nínú ilé kan níbẹ̀, nítòsí ilé ìwé àwọn ọmọ kéékèèké. Ọgbà ẹranko kan ní Bogije, lójú ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ wa yìí, ni wọ́n gbé e lọ. Èmi sọ pé Treadwell sàn ju onílé yẹn lọ fíìfíì: ilé béárì ló lọ bá béárì, kò fa ewu wá sẹ́nu ọ̀nà ọmọ ọlọ́mọ. Màmá ní irọ́ ni, ó ní ẹni tó fi kìnnìún ṣọ́lé ṣì mọ ohun tó ń wá, olè ò ní wọbẹ̀.

Mo rán an létí Ifẹ̀. Oṣù kejì ọdún 2024, ní ọgbà ẹranko Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, kìnnìún pa ẹni tó ti ń tọ́jú rẹ̀ láti kékeré, nǹkan bí ọdún mẹ́sàn-án. Onítọ̀hún ò wá òkìkí o, iṣẹ́ oṣù ló ń ṣe, ó sì mọ iṣẹ́ ọ̀hún.

“Ọlọ́run á tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere,” ni màmá wí. Lẹ́yìn náà ló ní, “Bí ìwọ náà bá lówó, o ò ní rà á?”

Mo ní ajá ni màá rà.

“Ajá náà ń géni jẹ.”