Kí Kérésìmesì Tó Dé

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 19, oṣù Kejìlá

Gbogbo wa ti ń fẹnu pín ẹran ọdún, ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ ọmọ Etiópíà ò tíì lè fẹnu kan ẹyin. Àwẹ̀ ló ń gbà. Láti nǹkan bí ọjọ́ 25 oṣù Kọkànlá ni àwọn ọmọ ìjọ Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì ilẹ̀ wọn ti pa ẹran, wàrà, bọ́tà àti ẹyin tì. Wọn ò ní padà sídìí wọn títí di ọjọ́ 7 oṣù Kìíní, tí í ṣe ọjọ́ Kérésìmesì tiwọn. Ọjọ́ 43 gbáko! Mo bi í bóyá kò sú u. Ẹ̀rín ló fi dá mi lóhùn, ó ní bí òun ò bá gbààwẹ̀, kí lòun yóò wá fi mọ̀ pé ọdún dé?

Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi láti àárọ̀. Mo fẹ́ràn láti máa ka bí àwọn èèyàn ṣe ń ṣọdún Kérésìmesì kárí ayé, ohun tí mo sì sábà máa ń rí kà ni ti ọjọ́ náà gan-an: oúnjẹ, ẹ̀bùn, aṣọ, igi tí wọ́n tanná sí lára. Àmọ́ bí mo ṣe ń rò ó lọ, ó dà bíi pé ọjọ́ ọdún fúnra rẹ̀ jọra níbi tó pọ̀. Wọ́n á lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á jẹun, wọ́n á sùn. Bí wọ́n ṣe ń dúró dè é ni ìyàtọ̀ wà.

Genna ni wọ́n ń pe ọdún náà ní Etiópíà. Orúkọ kan náà ni wọ́n ń pe eré tí àwọn ọ̀dọ́kùnrin máa ń fi ọ̀pá tó tẹ̀ kọdọrọ gbá bọ́ọ̀lù onígi, torí ìtàn wọn sọ pé eré yẹn ni àwọn olùṣọ́ àgùntàn fi yọ̀ nígbà tí wọ́n gbọ́ pé a bí Jésù. Ní ìlú Lalibela, níbi tí wọ́n ti gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì 11 láti ara àpáta, àwọn èèyàn máa ń fẹsẹ̀ rìn wá láti ọ̀nà jíjìn, aṣọ funfun ni gbogbo wọn á dà bora. Lẹ́yìn àìsùn òru, àwọn àlùfáà kan á tò yí etí àpáta ká lókè, àwọn mìíràn á dúró nísàlẹ̀ nínú àgbàlá ṣọ́ọ̀ṣì Màríà, tòkè á dá orin, tìsàlẹ̀ á gbè é, tìlùtìlù. Ìgbà tí wọ́n bá délé ni ọbẹ̀ adìẹ tó ta lẹ́nu, tí wọ́n ń pè ní doro wat, yóò tó gun orí injera, búrẹ́dì pẹlẹbẹ tiwọn. Ẹni tí kò jẹ adìẹ fún ọjọ́ 43! Mi ò rò pé ẹnikẹ́ni nínú àwa tí a jẹ ẹ́ lánàá lè mọ adùn tó mọ̀.

Wákàtí ni àwọn ará Pólàńdì ń kà ní tiwọn. Alẹ́ ọjọ́ 24 ni ọdún wọn ga jù, Wigilia ni orúkọ alẹ́ náà, wọn kì í sì í jókòó sídìí oúnjẹ àfi tí ìràwọ̀ àkọ́kọ́ bá yọ. Àwọn ọmọdé ni wọ́n ń rán sójú fèrèsé kí wọ́n máa ṣọ́ ọ. Ní Yúróòpù, ilẹ̀ máa ń tètè ṣú lásìkò òtútù, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kì í kọjá púpọ̀ kí òkùnkùn tó dé, ìyẹn ló kó àwọn ọmọ yọ. Bí ìkùukùu bá sì bo ojú ọ̀run, mo gbà pé ebi á bá wọn rí ìràwọ̀ náà.

Kí wọ́n tó bu oúnjẹ, wọ́n á pín opłatek, búrẹ́dì pẹlẹbẹ funfun kan tó fúyẹ́ bíi pépà. Kálukú á mú tirẹ̀ lọ́wọ́, á bu díẹ̀ lára tẹnìkejì, á sì ṣàdúrà fún un lójúkojú. Ẹ wò ó bí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò bá ti ń yan ara wọn lódì láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Ó ṣòro kéèyàn wo ẹni tó ń bínú sí lójú, kó sì bu nǹkan jẹ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ̀rín má sì bọ́ lẹ́nu ọ̀kan nínú wọn. Oríṣi oúnjẹ 12 ló máa ń wà lórí tábìlì, ẹja wà níbẹ̀, ẹran ò sí. Koríko gbígbẹ díẹ̀ á wà lábẹ́ aṣọ tábìlì nítorí ibùjẹ ẹran tí wọ́n tẹ́ Jésù sí. Lẹ́yìn náà, wọ́n á gbé àwo kan lélẹ̀, wọ́n á fi àga sí i, kò sẹ́ni tó máa jókòó síbẹ̀. Àlejò tí wọn ò retí ló ni ín. Àwọn mìíràn a máa fi rántí ẹni wọn tó ti kú. Nínú gbogbo àṣà tí mo ti kà nípa rẹ̀, àwo yìí ló wù mí jù, torí ó ní kí onílé máa retí ẹni tí kò mọ̀.

Ní Mẹ́síkò, àlejò yẹn kì í dúró sínú èrò ọkàn o, ilẹ̀kùn ló máa ń kàn. Láti ọjọ́ 16 títí dé ọjọ́ 24, alẹ́ mẹ́sàn-án léra wọn, àwọn ará àdúgbò á gbé ère Jósẹ́fù àti Màríà, tàbí kí wọ́n múra fún ọmọdé méjì bíi tọkọtaya náà, wọ́n á máa ti ilé dé ilé, àbẹ́là lọ́wọ́. Las Posadas ni wọ́n ń pè é. Àwọn tó wà níta á fi orin tọrọ ibi tí wọ́n á sùn: ìyàwó mi ò lè rìn mọ́. Àwọn inú ilé á fi orin dá wọn lóhùn pé ibí kì í ṣe ilé àlejò, ẹ máa lọ, ta ló mọ̀ bóyá olè ni yín? Wọ́n á fà á síwá, wọ́n á fà á sẹ́yìn, títí ilẹ̀kùn kan á fi ṣí, ni gbogbo èrò bá wọlé lọ jẹ, lọ mu, tí àwọn ọmọ á fi ọ̀pá lu piñata tó rí bí ìràwọ̀, tí súìtì á fi máa já bọ́ látinú rẹ̀. Àwọn àlùfáà Augustine tó wà ní Acolman ní òpin ọ̀rúndún 16 ni wọ́n ń sọ pé wọ́n dá àṣà náà sílẹ̀. Ọgbọ́n ńlá ni lójú mi: ẹni tí wọ́n ti lé lẹ́nu ọ̀nà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé eré ni, á mọ bó ṣe ń rí lára.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án kan náà ni ti àwọn ará Filipíìnì, torí Sípéènì tó ṣàkóso Mẹ́síkò ló ṣàkóso àwọn náà. Ti wọn kì í ṣe alẹ́, òwúrọ̀ kùtù ni, kí àkùkọ tó kọ pàápàá: ìsìn Mísà tí wọ́n ń pè ní Simbang Gabi, èyí tí wọ́n fi sí àsìkò náà kí àwọn àgbẹ̀ lè tètè lọ sóko kí oòrùn tó mú. Ó wọ́pọ̀ kí wọ́n máa sọ pé ẹni tó bá pé mẹ́sẹ̀ẹ̀sán á rí ohun tó ń tọrọ gbà. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ná, oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n ti ń kọrin Kérésìmesì níbẹ̀! Oṣù mẹ́rin. Mo fẹ́ràn ìdúró lóòótọ́, èyí ti pọ̀ jù fún mi.

Ní Jàpáánì, orí ìlà ni wọ́n ti ń dúró ní tiwọn. Ọjọ́ 25 kì í ṣe ọjọ́ ìsinmi níbẹ̀, àwọn Kristẹni ò sì ju nǹkan bí ẹnì kan nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí KFC ti bẹ̀rẹ̀ ìpolówó Kérésìmesì rẹ̀ jákèjádò ilẹ̀ náà lọ́dún 1974 ni adìẹ díndín ti di oúnjẹ ọdún. Ẹni tí kò bá tètè sọ tẹ́lẹ̀ pé òun fẹ́, ó lè má rí rà.

Ní ìlú Gävle ní Swídìn, ewúrẹ́ ni wọ́n ń ṣọ́. Láti ọdún 1966 ni wọ́n ti ń fi koríko ṣe ewúrẹ́ ràgàjì kan tó ga tó bíi mítà 13 sí gbàgede ìlú, láti ọdún náà sì ni àwọn ọmọ ìta ti ń dáná sun ún. Òfin kọ̀ ọ́, wọ́n gbé ẹ̀ṣọ́ tì í, wọ́n fi kámẹ́rà sí i, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ọdún ni kì í rí ọjọ́ 25. Lọ́dún 2023, iná ò jó o, ẹyẹ ló ṣa á jẹ nítorí èso tó wà lára koríko rẹ̀. Mo mọ̀ pé kò yẹ kí n rẹ́rìn-ín, àmọ́ mo rín in.

Ó ti ṣẹlẹ̀ rí tí ìjọba ní kí ẹnikẹ́ni má dúró de ohunkóhun. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fòfin de Kérésìmesì lọ́dún 1647, àwọn Puritan, Kristẹni tó le koko nípa ẹ̀sìn, tó wà ní Massachusetts ní Amẹ́ríkà náà sì ń gba owó ìtanràn ṣílè márùn-ún lọ́wọ́ ẹni tó bá ṣe é, láti 1659 títí di 1681. Èyí tí wọ́n sọ tó sì jóòótọ́ ni pé Bíbélì ò dárúkọ ọjọ́ tí wọ́n bí Jésù. Ọdún 336, ní Róòmù, ni ẹ̀rí àkọ́kọ́ tó dájú pé wọ́n ń ṣe é lọ́jọ́ 25 oṣù Kejìlá.

Ìdí nìyí tí ọjọ́ fi pọ̀. Nígbà tí Póòpù Gregory Kẹtàlá tún kàlẹ́ńdà ṣe lọ́dún 1582, ọ̀pọ̀ ìjọ Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì ò tẹ̀ lé e, ọjọ́ 13 ló sì wà láàárín kàlẹ́ńdà méjèèjì báyìí. Rọ́ṣíà àti Sábíà ń lo ọjọ́ 7 oṣù Kìíní. Àméníà ń lo ọjọ́ 6, wọ́n á pa ìbí Jésù àti ìrìbọmi rẹ̀ pọ̀. Yukréìn, tó wà nínú ogun pẹ̀lú Rọ́ṣíà, ṣòfin lọ́dún 2023 pé ọjọ́ 25 ni tiwọn báyìí. Ní Bẹ́tílẹ́hẹ́mù fúnra rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń ṣe é: àwọn Kátólíìkì ní ọjọ́ 25, àwọn Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì ní ọjọ́ 7, àwọn ará Àméníà ní ọjọ́ 19 oṣù Kìíní. Lọ́dún 2100, ọjọ́ 13 yẹn yóò di 14, tí ó bá sì di 2101, ọjọ́ 8 ni Kérésìmesì Rọ́ṣíà yóò bọ́ sí, àfi tí wọ́n bá yí kàlẹ́ńdà wọn padà. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọn kú ọdún nígbà náà, kó rántí fi ọjọ́ kan kún un.