Ta ni yóò máa bọ́ aláǹtakùn rẹ bí o bá kúrò ní Àbújá?

Ọkùnrin kan pè mí lálẹ́ Sátidé. Ó ní òun gbọ́ pé mò ń ta aláǹtakùn ńlá, òun fẹ́ ra akọ méje. Mo bi í pé inú kí ló fẹ́ kó wọn sí, kí ló sì fẹ́ máa fún wọn jẹ. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ẹ má ṣe wàhálà oúnjẹ, màdáámù. Ẹ ṣáà bá mi sá wọn gbẹ dáadáa." Àwúre ló fẹ́ fi wọ́n ṣe. Mo ní mi ò tà. Ó fowó lé e, ó tún fowó lé e. Mo ní ẹni tó máa jẹ́ kó wà láàyè ni mò ń tà á fún.

Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́. Kubwa, ní Àbújá, ni mò ń gbé, iṣẹ́ olùkọ́ ni mò ń ṣe. Òyìnbó kan tí mò ń kọ́ ọmọ rẹ̀ nílé ni iléeṣẹ́ rẹ̀ gbé lọ síbòmíràn lójijì, kò sì rí ẹni tó máa gba aláǹtakùn ilé rẹ̀. Ló bá gbé àpótí gíláàsì náà wá bá mi, tòun ti ìwé àṣẹ tó fi gbé e wọ Nàìjíríà. Tàràǹtúlà ni wọ́n ń pe irú rẹ̀. Abo ni. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ fún un ni *Tliltocatl albopilosus*, ilẹ̀ Honduras, Nicaragua àti Costa Rica sì ni wọ́n ti ń rí i. Irun ara rẹ̀ ká bí irun orí ọmọ tuntun. Bó bá na ẹsẹ̀ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ tán, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àtẹ́lẹwọ́ mi tòun tìka.

Nígbà tí mo sọ fún ìyá mi lórí fóònù, wọ́n ní, "Ṣé adìyẹ ò sí ní Àbújá ni?" Màlámù tó ń ṣọ́ géètì wa nìkan ni kò bẹ̀rù. Ó bẹ̀rẹ̀ wo inú gíláàsì, ó rẹ́rìn-ín, ó ní "Gizo!" Bí Ìjàpá ṣe rí nínú ààlọ́ tiwa ni Gizo, aláǹtakùn, rí nínú ti àwọn Hausa, Koki sì ni ìyàwó rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí iná bá lọ lálẹ́, Màlámù á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á ní "Ga ta nan, ga ta nan ku," àwọn ọmọ ilé wa á sì sáré jáde bí ìgbà tí èèyàn bá pe "Ààlọ́ o!"

Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni mo máa ń fún un ní ìrẹ̀, èmi fúnra mi ni mò ń sin ìrẹ̀ náà nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Mi ò jẹ́ fún un ní aáyán ilé, nítorí èèyàn ò mọ èyí tó ti jẹ oògùn apakòkòrò. Bó bá fẹ́ bọ́ awọ, á kọ oúnjẹ, á dojú sókè gbalaja bí òkú. Bí o bá gbàgbé ìrẹ̀ sínú àpótí lásìkò yẹn, ìrẹ̀ lè jẹ ẹ́ láàyè, torí ara rẹ̀ rọ̀ bí ẹ̀kọ.

Ọ̀gá kan tó ń sìn wọ́n ní Ìbàdàn ló gbé akọ wá fún mi, a pàdé ní páàkì Jabi. Akọ yìí kọ́kọ́ ta àwọ̀n pẹlẹbẹ kan, ó da àtọ̀ sí i, ó wá fi apá kékeré méjì tó wà lẹ́bàá ẹnu rẹ̀ fà á mu, bí nọ́ọ̀sì ṣe ń fa oògùn sínú abẹ́rẹ́. Nígbà tí mo gbé e wọlé abo, ó fẹsẹ̀ lu ilẹ̀, ó dúró, ó tún lù ú. Abo náà dá a lóhùn. Mo mú páálí dání kí n lè là wọ́n, nítorí abo máa ń pa akọ nígbà mìíràn. Akọ fi ìkọ́ ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ gbé eyín abo sókè, ó ṣe tirẹ̀ tán, ó sá.

Ní oṣù December ni abo ta àpò ẹyin, ó funfun bí òwú, ó tóbi tó ọsàn wẹ́wẹ́. Ó gbá a mọ́ra, ó ń yí i. Inú mi dùn débi pé àràárọ̀ ni mò ń ṣí ìdérí láti wò ó. Ẹni tó bá mọ ọyẹ́ Àbújá mọ̀ pé ètè máa ń là, omi inú abọ́ á sì gbẹ kó tó di ọ̀sán. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ yẹn ni mò ń ṣílẹ̀kùn fún. Láàárọ̀ ọjọ́ kọkàndínlógún, mi ò rí àpò mọ́. Èèpo kékeré kan tó ti rọ ló kù ní kọ̀rọ̀ gíláàsì. Ó ti jẹ ẹ́. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún.

Bó ṣe bọ́ awọ lẹ́yìn ìyẹn, àtọ̀ tó tọ́jú pamọ́ sára bá awọ lọ. Akọ ti kú, wọn kì í pẹ́ láyé lẹ́yìn tí wọ́n bá ti dàgbà tán. Mo tún bẹ ọ̀gá Ìbàdàn. Lọ́tẹ̀ yìí, àsìkò òjò ni àpò ẹyin bọ́ sí. Mo da aṣọ dúdú bo gíláàsì, mo ń rọra wọ́n omi sí eteetí ilẹ̀ nìkan. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún, mo fi ṣíbí ọlọ́wọ́ gígùn gba àpò, mo fi àlùmọ́gàjí là á. Ẹyin tó hu ẹsẹ̀ ló wà nínú rẹ̀, funfun bí ògì, wọ́n ń mì pẹ́pẹ́pẹ́. Mo kà wọ́n: 312. Nígbà tí wọ́n di aláǹtakùn gidi, mo dá ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ike onídèérí tí mo rà ní ọjà Wuse, nítorí wọ́n máa ń jẹ ara wọn. Itan ìrẹ̀ ni oúnjẹ wọn. Àwọn kan kú.

N4,000 ni mo ń ta ọ̀kan. Mo máa ń sọ fún ẹni tó bá rà á pé kó má máa gbé e sọ́wọ́: irun ìdí rẹ̀ ń yún èèyàn bíi yèrèpè. Kó má fín oògùn ẹ̀fọn ní yàrá tó bá wà. Kó má tú u sínú igbó láéláé, kì í ṣe ẹranko ilẹ̀ wa. Mi ò sì ń fi ránṣẹ́ sókè òkun, nítorí ẹ̀yà yìí wà lábẹ́ CITES, àdéhùn àgbáyé lórí títa ẹranko àti ewéko igbó láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, tí Nàìjíríà ti fọwọ́ sí láti ọdún 1974.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí mo kà sí jù ni ti àkọlé òkè yìí. Abo lè lò ju 20 ọdún láyé. Àbújá sì rèé, ìlú tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń retí ìwé ìgbékúrò, tí ilé àdúgbò ń pààrọ̀ ayálégbé lọ́dọọdún. Ọ̀nà yẹn náà ni tèmi gbà dé ọwọ́ mi. Ẹni tí kò bá ní ìdáhùn, mi ò gbowó rẹ̀.

Àgùnbánirọ̀ kan láti Ìkìrun dáhùn pé, "Ẹ̀yin ni, mà." Mo tà á fún un. Nígbà tó parí ìsìnrúùlú, ó gbé e padà wá sí Kubwa kó tó wọ mọ́tò. Aláǹtakùn náà ti tóbi tó ẹyọ owó náírà kan. Ó tún na páálí ìṣáná kan sí mi. Awọ mẹ́rin tó bọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ló wà nínú rẹ̀, ó tò wọ́n láti orí èyí tó kéré jù, ó sì kọ déètì sí abẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan.