Ohun Tí Títọ́ Ọmọ Ẹja Kribensis Kọ́ Mi

Àwọn tó ń tọ́ ẹja ọ̀ṣọ́ ní Àkúrẹ́ níbí máa ń bi mí pé kí ló dé tí ọmọ ẹja wọn fi ń kú kí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tó parí. Èsì kan náà ni mo máa ń fún wọn: ẹ wo ìsàlẹ̀ táǹkì yín. Ebi kọ́ ló ń pa ọ̀pọ̀ wọn, oúnjẹ àjẹkù ni. Tó bá ti jẹrà sínú omi, á di ammonia, oró kan tí ojú ò lè rí. Ẹja ńlá lè fara dà á díẹ̀, ọmọ tuntun ò lè ṣe é.

Kribensis lèmi ń tọ́. Ọmọ ilẹ̀ wa ni, inú odò gúúsù Nàìjíríà ló ti ṣẹ̀ wá, mọ̀lẹ́bí ẹpìyà tí à ń rà lọ́jà sì ni. Mo fẹ́ràn rẹ̀ torí pé tìyá tìbaba ló jọ ń tọ́mọ. Ẹ da ojú ìkòkò amọ̀ kékeré dé sínú táǹkì, kí ẹ fọ́ etí rẹ̀ díẹ̀ kí wọ́n rí ibi gbà wọlé. Ibẹ̀ labo máa yé sí. Ẹyin á pa ní nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta, ṣùgbọ́n ó tún tó ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún kí àwọn ọmọ tó lè lúwẹ̀ẹ́ tẹ̀lé ìyá wọn jáde. Títí dìgbà yẹn, ẹ má fún wọn ní nǹkan kan. Oúnjẹ wọn wà nínú àpò kékeré tó so mọ́ wọn níkùn.

Tí wọ́n bá ti jáde, Artemia ni kí ẹ wá, ìyẹn ẹ̀dá kékeré bí edé inú omi iyọ̀, tí wọ́n ń ta ẹyin rẹ̀ nínú agolo. Àwọn tó ń sin ọmọ ẹja àrọ̀ mọ̀ ọ́n dáadáa. Agolo rẹ̀ wọ́n, ẹ bá wọn pín in. Mo máa ń po iyọ̀ bíi giramu 25 sí 30 mọ́ omi lítà kan nínú ike, màá da ẹyin Artemia díẹ̀ sí i, màá wá ki rọ́bà pọ́ńpù afẹ́fẹ́ bọ̀ ọ́. Nínú ooru tiwa níbí, wọ́n á pa láàárín wákàtí 24 sí 36. Ẹ pa pọ́ńpù, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ìdí ike: èèpo á léfòó, àwọn alààyè á ṣù jọ síbi ìmọ́lẹ̀. Ẹ fi aṣọ tí a fi ń sẹ́ ògì sẹ́ wọn, kí ẹ ṣan iyọ̀ ara wọn kúrò. Ẹ wá wo ọmọ ẹja bó ṣe ń jẹ ẹ́! Ara wọn mọ́ gaara débi pé ẹ ó máa rí ikùn wọn tó ń di àwọ̀ ọsàn. Bí ikùn bá ti yọ báyẹn, mo dáwọ́ dúró nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta tàbí mẹ́rin lójúmọ́, díẹ̀díẹ̀. Àwọn kan ń lo pupa ẹyin adìẹ tí wọ́n sè, èmi ò gbà yín níyànjú rẹ̀. Kíá ló ń ba omi jẹ́.

Láràárọ̀ ni mo ń fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ fa ìdọ̀tí ìsàlẹ̀, tí mo sì ń pààrọ̀ bí ìdá kan nínú mẹ́wàá omi. Tó bá jẹ́ omi ẹ̀rọ tí wọ́n fi kílórínì sí, ẹ gbà á sílẹ̀ dọjọ́ kejì. Fílítà oní-fóòmù ni kí ẹ lò, torí èyí tó lágbára á fa àwọn ọmọ wọlé. Bí iná bá lọ, tí ẹ ò sì ní pọ́ńpù oníbátìrì, ẹ má fún wọn lóúnjẹ títí iná á fi dé. Lásìkò ọyẹ́, ẹ fi aṣọ nípọn bo táǹkì lálẹ́.

Tí àwọn ọmọ bá ti tó sẹ̀ǹtímítà kan àti ààbọ̀, ẹ máa ṣọ́ ìyá wọn. Bí ikùn rẹ̀ bá tún pọ́n, ẹyin mìíràn ń bọ̀, á sì máa lé àwọn ti tẹ́lẹ̀. Ẹ kó wọn sí táǹkì mìíràn. Èyí tó bá pọ̀ jù, ẹ fi ta ẹlòmíì lọ́rẹ. Ẹ má dà á sí Odò Àlà, torí ẹja inú táǹkì lè gbé àrùn lọ bá àwọn tó wà níbẹ̀.