Ohun tí kíka ẹyẹ àti ẹranko inú oko kọ́ mi

Ẹni tó bá fẹ́ mọ irú ẹ̀dá tó ń gbé inú oko kan, ìmọ̀ràn mi ni pé kó kọ́kọ́ bá olóko jókòó. Ìbéèrè tí mo máa ń bi wọ́n ni pé, "Kí lẹ fẹ́ ṣe sí ilẹ̀ yìí lọ́dún tó ń bọ̀?" Olóko lè fẹ́ ṣán igbó etí oko, ó lè fẹ́ dí kòtò omi tó wà nísàlẹ̀, ó sì lè fẹ́ yí àsìkò tó ń gé koríko padà. Ìdáhùn rẹ̀ ló ń sọ ibi tí màá dúró sí àti ẹ̀dá tí màá wá. Orúkọ ẹranko tó kún inú ìwé kò wúlò bí kò bá sọ fún olóko ibi tó yẹ kó fi sílẹ̀ àti ibi tó lè ro.

Lẹ́yìn náà, ẹ yan ọ̀nà kan, kí ẹ má yà kúrò nínú rẹ̀. Ojú ọ̀nà kan náà ni kí ẹ máa rìn, ní àsìkò kan náà, nígbà tí ojú ọjọ́ bá jọra. Nínú ètò kíka ẹyẹ tí wọ́n ń pè ní Breeding Bird Survey, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Britain ní 1994, ẹni tó ń ka ẹyẹ máa ń rin ìlà méjì nínú ilẹ̀ tó jẹ́ kìlómítà kan níbùú àti lóròó, ẹ̀ẹ̀mejì lásìkò tí ẹyẹ ń yé. Ti Àríwá Amẹ́ríkà, tó ti wà láti 1966, ibi 50 ni wọ́n ń dúró sí lójú ọ̀nà kan, ìṣẹ́jú 3 níbì kọ̀ọ̀kan. Ọ̀nà méjèèjì rọrùn, àmọ́ torí pé wọn kì í yí i padà ni a fi lè fi ọdún kan wé òmíràn. Bí ẹ bá fi wákàtí kan rìn lọ́dún yìí, tí ẹ wá fi mẹ́ta rìn lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ lè rò pé ẹyẹ ló pọ̀ sí i, nígbà tó jẹ́ pé ìrìn yín ló gùn sí i.

Ẹ kọ òdo sílẹ̀ pẹ̀lú. Ibi tí ẹ dé tí ẹ kò rí nǹkan kan, tí ẹ kò sì kọ ọ́, ẹni tó bá ka ìwé yín lọ́jọ́ iwájú kò ní mọ̀ bóyá ẹ débẹ̀ tàbí ẹ kò débẹ̀.

Ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan ló ní àsìkò tirẹ̀. Labalábá ń fẹ́ oòrùn àti afẹ́fẹ́ tó rọlẹ̀. Àdán, òru ni. Òòrẹ̀ tàbí ehoro, ipasẹ̀ wọn, ìgbẹ́ wọn, tàbí kámẹ́rà tí ẹ so mọ́ igi ló máa sọ fún yín pé wọ́n kọjá. Etí sì ṣe pàtàkì ju ojú lọ fún ọ̀pọ̀ ẹyẹ.

Àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ràn jù ni ti ẹyẹ tí wọ́n ń pè ní corncrake. Inú koríko gíga ló ń sá pamọ́ sí, agbára káká ni ènìyàn fi ń rí i, ṣùgbọ́n akọ rẹ̀ máa ń ké lóru. Nítorí náà, láàárín òru títí di nǹkan bí aago mẹ́ta ni àwọn tó ń kà á ń jáde lọ tẹ́tí sílẹ̀. Kíkà yẹn ló fi oko tí wọ́n wà gan-an hàn, ewu tó wà níbẹ̀ sì tún wá ṣe kedere: bí wọ́n bá ń gé koríko láti etí wọ àárín, àwọn ọmọ ẹyẹ á máa sá wọ àárín, torí wọn kì í fẹ́ gba ilẹ̀ tó ṣí sílẹ̀ kọjá, títí abẹ ẹ̀rọ á fi bá wọn. Ohun tí wọ́n ní kí àgbẹ̀ ṣe ni pé kó gé e láti àárín bọ̀ sí etí, kó sì dúró díẹ̀ kí àwọn ọmọ náà lágbára. Ní Scotland, fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ èyí láàárín àwọn ọdún 1990, igbe tí wọ́n ń gbọ́ pọ̀ sí i. Àgbẹ̀ kò pàdánù oko rẹ̀. Ọ̀nà tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń gbà nìkan ló yí padà. Irú èsì báyìí ni mo fẹ́ kí kíkà gbogbo máa mú wá.

Nítorí ìyẹn ni mo fi máa ń fẹ́ kí olóko kà á fúnra rẹ̀. Ní Britain, láti 2014 ni ètò kíka ẹyẹ oko tí wọ́n ń pè ní Big Farmland Bird Count ti ń ní kí àgbẹ̀ dúró síbì kan lóko rẹ̀ fún 30 ìṣẹ́jú nínú oṣù Èrèlé, kó ka ohun tó rí. Mo ti rí i pé olóko tó bá mú ìwé dání, òun fúnra rẹ̀ ló máa pè mí láti sọ pé ìtẹ́ kan wà níbi tí katakata fẹ́ gbà.

Ẹ ṣọ́ra nípa ẹ̀dá tó ṣọ̀wọ́n. Bí ẹ bá fẹ́ fi àwòrán rẹ̀ han àwọn ènìyàn, ẹ kọ́kọ́ yọ ibi tí fóònù kọ sínú rẹ̀ kúrò, torí ọdẹ náà mọ bí wọ́n ṣe ń wo irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Agbègbè nìkan ni mo máa ń dárúkọ ní gbangba. Máàpù tó ní ibi pàtó, ọwọ́ olóko àti àwọn tó ń bá a dáàbò bo ẹ̀dá náà ni mo ń fi sí.