Adìẹ tó sàba lábẹ́ fèrèsé wa

Ọjọ́rú, Ilé-Ifẹ̀

Aago 2 òru ti kọjá nígbà tí mo gbọ́ tí àbíkẹ́yìn mi ń họra lójú oorun, ó ń họ ọ́ tagbára-tagbára. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i lára. Kókó pupa wẹ́wẹ́ ló bo ọrùn, èjìká àti apá rẹ̀.

Kúrúnà ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù. Mo la àárín ìka rẹ̀, mo wo ọrùn ọwọ́, kò sí nǹkan kan níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni kúrúnà fẹ́ràn jù. Ìgbà tí mo yí iná sórí ìrọ̀rí ni mo rí wọn. Wọn ò tó orí abẹ́rẹ́, wọ́n ń rìn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lórí aṣọ funfun. Mo fi èékánná tẹ ọ̀kan, ẹ̀jẹ̀ ló fi sílẹ̀.

Iná adìẹ ni. Adìẹ ìyá ọkọ mi ti fi 21 ọjọ́ sàba lábẹ́ fèrèsé wa. Lọ́jọ́ Àìkú ló pamọ, ó kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ, ìtẹ́ ṣófo. Àwọn tó ń mu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lálaalẹ́ ò rí nǹkan mu mọ́, ni wọ́n bá gba ojú fèrèsé wọlé wá bá ọmọ mi.

Ilẹ̀ mọ́, Màámi gbé ìgò kẹrosíìnì dé. "Ìyàwó, fi èyí pa á lára."

Mo kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, á bó o lára. Ó ti họ ibẹ̀ dọgbẹ́."

Wọ́n wo ọrùn ọmọ náà títí, wọ́n gbé ìgò wọn padà. Ìfẹ́ ló gbé e wá, mo mọ̀.

Omi tútù àti ọṣẹ ni mo fi wẹ̀ ẹ́, mi ò fi kànìnkàn kàn án. Mo rẹ táwẹ́ẹ̀lì kékeré sínú omi tútù, mo fún un, mo tẹ́ ẹ lé e lọ́rùn fún bí ìṣẹ́jú 10. Ó mí kanlẹ̀, ó sùn lọ lórí ẹsẹ̀ mi. Mo gé èékánná rẹ̀ níbẹ̀. Kàlámáìnì, oògùn ìpara fún ara yíyún, tí mo rà ní kẹ́mísì kan ní Lágere ni mo fi òwú tọ́ sójú kókó kọ̀ọ̀kan. Ó gbẹ bí ẹfun. Ọkùnrin tó tà á béèrè ọjọ́ orí ọmọ àti bó ṣe wúwo tó, kó tó fún mi ní oògùn olómi fún ara yíyún. Inú mi dùn sí ìyẹn. Ó ní bí ojú kókó náà bá ṣọyún, tàbí tí ara rẹ̀ gbóná, kí n gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Iná adìẹ kì í fi ara èèyàn ṣelé, ṣùgbọ́n ó lè fara pamọ́ sínú ihò ògiri fún oṣù mélòó kan láìmu ẹ̀jẹ̀. Nítorí náà, mo jó ìtẹ́ náà níná jìnnà sílé, mo da omi híhó sínú gbogbo ihò búlọ́ọ̀kù, mo se aṣọ ibùsùn, mo sá a sóòrùn. Màámi fúnra wọn ló bu eérú sílẹ̀ kí adìẹ wọn lè yí ara nínú rẹ̀, wọ́n sì gbé àgò rẹ̀ lọ sẹ́yìn ilé ìdáná.

Alẹ́ ti lẹ́ báyìí. Mo ti yẹ aṣọ funfun náà wò lẹ́ẹ̀mejì, kò sí nǹkan kan lórí ẹ̀. Ẹyọ kan ṣoṣo ni mo rí lójú fèrèsé. Màá tún gbé omi kaná láàárọ̀ ọ̀la.