Lyudmila Gurchenko àti àwọn ọdún tí wọ́n pa á tì

Nínú yàrá màmá tó gbà mí sílé ní Moscow ni mo ti kọ́kọ́ rí Lyudmila Gurchenko, òṣèré fíìmù àti akọrin ilẹ̀ Rọ́ṣíà, lálẹ́ àìsùn ọdún tuntun, nígbà tí yìnyín ti bo fèrèsé. Ó jáde lórí tẹlifíṣọ̀n nínú aṣọ dúdú tó fún mọ́ ọn níbàdí, ó ń kọrin nípa ìṣẹ́jú 5 tó kù kí ọdún yí, màmá sì ń bá a kọ ọ́. Mo ní, "Màmá, ta nìyẹn?" Ó wò mí bí ẹni pé mo béèrè ohun tó ń jẹ́ iyọ̀.

Karnavalnaya noch ni fíìmù náà, tí Eldar Ryazanov darí ní 1956. Ọmọ ọdún 21 ni Gurchenko nígbà tó jáde, gbogbo Soviet Union sì ń pe orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́dún tó tẹ̀lé e, ìwé ìròyìn bú u pé ó ń gba owó lábẹ́lẹ̀ níbi tó ti ń kọrin, àwọn ipa gidi sì bẹ̀rẹ̀ sí í fò ó dá. Ó tó nǹkan bí ọdún 16 kí fíìmù Starye steny tó gbé e padà, níbi tó ti ṣe ọ̀gá ilé iṣẹ́ ìhunṣọ.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọdún yẹn wọ̀ mí lára gan-an, nítorí èmi náà gba ìwé ẹ̀rí ìmọ̀ ẹ̀rọ tán, mo sì fi ọdún 4 ti ọmọlanke lọ́jà, tí ọ̀gá kan tún jẹ owó oṣù 2 mi mọ́lẹ̀. Màmá ní Ogun Àgbáyé Kejì ló ti kọ́ Gurchenko ní ìfaradà: Kharkov, ní Ukraine, ni wọ́n bí i sí ní 1935, ibẹ̀ lòun àti ìyá rẹ̀ sì wà nígbà tí àwọn ọmọ ogun Jámánì gba ìlú náà, tí bàbá rẹ̀, tó máa ń tẹ àkọ́díọ̀nù, ti lọ sójú ogun.

Ní 1983, Ryazanov tún fún un ní ipa Vera, agbáwo oúnjẹ ní ibùdókọ̀ ojú irin, nínú fíìmù Vokzal dlya dvoikh. Èyí ni mo fẹ́ràn jù. Ní ìparí rẹ̀, òun àti ọkùnrin ẹlẹ́wọ̀n kan ń sáré nínú yìnyín kí ọkùnrin náà lè dé ọgbà ẹ̀wọ̀n kí wọ́n tó pe orúkọ. Nígbà tí agbára tán, ọkùnrin náà jókòó sílẹ̀, ó tẹ àkọ́díọ̀nù kí wọ́n lè gbọ́ pé ó ti dé, Vera sì ń gbé e ró lẹ́yìn.

Gurchenko kú ní 30 oṣù kẹta ọdún 2011. Màmá pè mí níbi iṣẹ́ ẹ̀rọ tí mo ti rí nígbà yẹn, ó ní kí n tètè wálé. A jọ wo fíìmù náà títí dé ibi yìnyín yẹn, màmá sì di ọwọ́ mi mú.