Èrìgì mi àti èéfín ààrò gàrí

Ọ̀kun o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọdún 11 ni mo ti ń yan gàrí ní Ìsánlú kí n tó mọ̀ pé èéfín tó ń ta mí lójú lè kan èrìgì mi náà.

Mo rún orín láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo tu itọ́, ẹ̀jẹ̀ ló bá a jáde. Mo ní orín ló le jù. Mo pààrọ̀ rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ò dá. Omi iyọ̀ mú un rọlẹ̀ díẹ̀, ó tún padà. Nígbà tó yá, èrìgì iwájú ń sá kúrò lára eyín, òórùn sì dé. Tí mo bá ń bá oníbàárà nájà, ọwọ́ ni mo fi ń bo ẹnu.

Dókítà eyín tó rí mi ní Lọ́kọ́ja ò sọ̀rọ̀ orín rárá. Iṣẹ́ mi ló béèrè. Ó ní kòkòrò inú ìdọ̀tí tó ń lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ eyín ló ń dá àrùn èrìgì yìí sílẹ̀, ṣùgbọ́n èéfín àti eruku lè ràn án lọ́wọ́: wọ́n máa ń mú èrìgì wú, wọ́n sì ń dín agbára tí ara fi ń bá kòkòrò jà kù. Mo rántí pé tí èéfín bá ti dí mi nímú, ẹnu ni mo fi ń mí. Ẹnu tó gbẹ ò ní itọ́ tó máa ṣan ìdọ̀tí lọ. Tí a bá fi àrùn náà sílẹ̀, egungun tó di eyín mú á máa jẹrà, kì í sì í hù padà fúnra rẹ̀.

Ó ní ẹni tó ń fa sìgá lè má rí ẹ̀jẹ̀ kankan, torí sìgá máa ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ inú èrìgì pọ̀. Àrùn náà á sì máa jẹ ẹ́ lábẹ́lẹ̀.

Ìbéèrè tó bà mí lẹ́rù ni èyí tó bi mí gbẹ̀yìn: ṣé ẹnì kan nílé ń tún bátìrì ọkọ̀ ṣe? Àbúrò mi ọkùnrin ń ṣe é ní Kàbà. Òjé inú bátìrì, tó bá pọ̀ lára èèyàn, lè fa ìlà dúdú bí aró sí etí èrìgì. Mo pè é lójú ẹsẹ̀ pé kó gbé ètè sókè níwájú dígí. Kò sí ìlà, ọpẹ́ ni fún Olúwa. Ṣùgbọ́n kì í jẹun nídìí bátìrì mọ́, ó sì ń pààrọ̀ aṣọ kó tó gbé ọmọ rẹ̀.

Dókítà ha ìdọ̀tí tó ti le bí òkúta kúrò. Mo gbé ààrò kúrò lábẹ́ ògiri lọ síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, igi gbígbẹ nìkan ni mo fi ń dáná, mo sì ń fọ ẹnu kí n tó sùn. Ẹ̀jẹ̀ ti dá. Èrìgì tó sá lọ kò padà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ bá ń bá itọ́ rẹ̀ jáde fún ọ̀sẹ̀ méjì, kó má pààrọ̀ orín bíi tèmi, kó lọ rí dókítà eyín.